Bí Wọ́n Ṣe Tú Ojú Rírán Inú Ọkàn Mi Láì La Àyà Mi

Ìrọ̀rí mẹ́rin ni mo fi ń sùn nígbà yẹn. Ká má parọ́, kì í ṣe oorun ni mo ń sùn, ńṣe ni mo ń fẹ̀yìn ti nǹkan. Bí ìrọ̀rí kan bá yẹ̀ lóru tí orí mi sì wálẹ̀, màá ta jí bí ẹni tí omi ń mù, màá sáré lọ ṣí fèrèsé, màá yọ orí síta kí atẹ́gùn Òkè-Àró lè fẹ́ sí mi lójú. Ọkọ mi á dìde, á mú abẹ̀bẹ̀, á máa fẹ́ mi. A kì í sọ̀rọ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní èémí tí mo lè fi sọ̀rọ̀, òun náà ò sì mọ ohun tó lè sọ.

Aránṣọ ni mí ní Àkúrẹ́. Ọdún 2007 ni mo gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní ìtòsí Arákàlẹ̀ títí di òní. Ìdí maṣíìnì ni mo ti kọ́kọ́ fura pé nǹkan ń ṣe mí. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń lò. Ní nǹkan bí ọdún 2015, bí mo bá ti fẹsẹ̀ wa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èémí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gé, àyà mi á máa lù kì-kì-kì bíi pé mo sáré bọ̀ láti Ọjà Ọba. Mo ra mọ́tò kékeré tó ń lo iná, mo so ó mọ́ maṣíìnì, mo fẹsẹ̀ sinmi. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í sá fún maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Orúkọ tí wọ́n fún àìsàn yìí pọ̀ kó tó jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, ó fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ikọ́ fée ni, wọ́n fún mi ní oògùn tí wọ́n máa ń fín sẹ́nu. Mo fín in fún ọdún méjì, ńṣe ni àyà mi tún ń sáré sí i. Ìyá ọkọ mi, tó fẹ́ràn mi bí ọmọ tó bí, mú mi lọ sórí òkè àdúrà, a sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àdúrà yẹn ò bà mí nínú jẹ́, mo ṣì ń gbà á. Ohun tó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí ni pé nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, nínú gbogbo káàdì tí mo gbà àti gbogbo orí ìlà tí mo tò sí, kò sí ẹnì kan tó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé mi láyà, kó sì dúró gbọ́ ọ dójú àmì.

Oyún kejì dé ní 2019. Oyún máa ń fi kún ẹ̀jẹ̀ tó wà lára obìnrin, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkàn ló sì gbọ́dọ̀ máa tì gbogbo rẹ̀ kiri. Nígbà tó máa fi di oṣù keje, mi ò lè rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé títì. Mo bí ọmọ náà, ọkùnrin, tọwọ́tẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Òru ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ tó ń hó bí ìfófò ọṣẹ, tó sì pọ́n díẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ tó ń mú kéèyàn tọ̀. Mo tọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, èémí mi padà. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ mi ò ru rí láyé mi. Ó yẹ kẹ́nì kan ti béèrè ìdí tí omi fi kún ẹ̀dọ̀fóró obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ru.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló wá mọ ìdí ẹ̀, ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní òpin ọdún 2021. Ikọ́ ló gbé mi débẹ̀. Ó gbọ́ àyà mi lórí ìjókòó, ó dákẹ́, ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ fún mi.” Ó fi ẹ̀rọ náà sábẹ́ ọmú mi lápá òsì, ó di ojú. Ó pẹ́. Ìyá mi tó tẹ̀lé mi lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi. Nígbà tó la ojú, ìbéèrè tí mi ò retí ló bi wá: “Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ṣé ọ̀nà ọ̀fun máa ń dùn yín? Ṣé oríkèé ara yín wú rí?”

Ìyá mi ló dáhùn. “Bẹ́ẹ̀ ni o, dókítà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Orúnkún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí ọrùn ẹsẹ̀, ó gba ìgbọ̀nwọ́ lọ. Kò lè lọ síléèwé fún odindi oṣù kan. Làkúrègbé ni ìyá mi pè é, òrí ló fi pa á, ó sì lọ.”

“Kò lọ, mà,” ni dókítà wí, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. “Inú ọkàn ló wọ̀.”

Kòkòrò kan wà tó máa ń fa ọ̀nà ọ̀fun dídùn fún àwọn ọmọdé, streptococcus lorúkọ ẹ̀. Bí a ò bá fi oògùn tó yẹ pa á, àwọn ọmọ ogun inú ara tó ń bá kòkòrò jà lè ṣi ọ̀tá mú, torí pé apá kan lára kòkòrò náà jọ ohun tó wà lára tiwa, wọ́n á wá gbógun ti oríkèé ara àti ọkàn. Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń bá jà jù. Oríkèé ara á san láìsí àpá kankan. Ilẹ̀kùn inú ọkàn ni ọgbẹ́ rẹ̀ kì í lọ, á máa yi, á máa lẹ̀ mọ́ra díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, fún ogún ọdún, ẹni tó ni ọkàn ò sì ní mọ̀. Mo ronú kan ìyá àgbà àti ike òrí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo agbára rẹ̀ ló sà.

Wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní echo. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí ìrora: wọ́n á fi nǹkan tó ń yọ̀ sí ọ láyà, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ kékeré kan rìn ín, ọkàn rẹ á sì hàn lójú gíláàsì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọkàn ní yàrá mẹ́rin àti ilẹ̀kùn mẹ́rin. Èyí tó bàjẹ́ lára tèmi ni wọ́n ń pè ní mitral, tó wà láàárín yàrá òkè lápá òsì àti yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gba atẹ́gùn lẹ́dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ń gbà kọjá kó tó lọ sí gbogbo ara. Awẹ́ méjì ló ní. Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà fi ìka tọ́ka sí i, ó ní, “Ẹ wò ó, mà. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ti rán etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, tó wá fi àárín díẹ̀ sílẹ̀ láìrán.”

Kò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo tẹjú mọ́ ọn. Òótọ́ ni. Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹ̀gbẹ́ bùbá látìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

Ohun tó wà nínú ìwé àbájáde ni pé ojú ihò náà kò ju 0.9 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó lọ. Ti ẹni tára rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 4 sí 6. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo yí téèpù mi sí ẹ̀yìn, níbi tí sẹ̀ǹtímítà wà, ojú ibẹ̀ tí a kì í lò. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ihò náà sórí àjákù aṣọ dúdú kan. Mo wá mú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì kan nínú agolo, mo gbé e lé e. Ó bò ó dáadáa. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara mi, ihò tí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì bò mọ́lẹ̀ ló ń gbà.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí, ìdí ẹ̀ sì ni mo ṣe ń kọ ìtàn yìí. Dókítà pè mí, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ lọ, àmọ́ “iṣẹ́ abẹ” nìkan ni etí mi gbé. Mo rí i lọ́kàn mi bí wọ́n ṣe ń fi ayùn la eegun àyà mi. Mo rí àwọn ọmọ mi méjèèjì. Mo kí i pé ẹ ṣé, mo gba oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀ àti èyí tó ń mú kí ọkàn rọra lù, mi ò sì yọjú síbẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, màá ní ara ti ń yá. Oṣù mẹ́jọ yẹn, ẹsẹ̀ mi wú débi pé bàtà tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà á mọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló sì ń géṣọ, tí èmi á kàn jókòó máa tọ́ka.

Dókítà yẹn ló fúnra rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn dókítà mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mà, mo ti ń wojú yín. Ṣé ọ̀rọ̀ àyà lílà ló lé yín lọ?” Mo bú sẹ́kún. Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó wá ní, “Ìyẹn kọ́ lohun tí mo sọ. Mo ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba ojú itan yín wọlé. Ẹ wá ká jọ jókòó sọ ọ́.”

Mo lọ lọ́jọ́ kejì, tèmi tọkọ mi. Bébà kan ló fi ṣàlàyé fún wa. Iṣan ńlá kan wà níbi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn tààrà. Wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú rẹ̀ gòkè dé yàrá òkè lápá ọ̀tún. Ògiri tó wà láàárín yàrá òkè méjèèjì ní ojú kan tó fẹ́lẹ́. Abẹ́rẹ́ gígùn kan ni wọ́n fi máa ń lu ibẹ̀, kí rọ́bà náà lè bọ́ sápá òsì. Bálúùnù kan tí wọ́n ká jọ wà ní orí rọ́bà náà. Nígbà tó bá dé àárín ilẹ̀kùn tó lẹ̀ pọ̀, wọ́n á fọ́n omi sínú rẹ̀, á wú, á sì já ojú ibi tó lẹ̀ náà sọ́tọ̀. Wọ́n á jò ó, wọ́n á fà á jáde. Ará Jàpáànù kan, Kanji Inoue, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníṣẹ́ abẹ, ló kọ́kọ́ ṣe é fún èèyàn ní 1982.

“Ṣé ẹ tú ojú rírán lẹ ń sọ?” ni mo bi í.

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ báyẹn rí, mà. Àmọ́ òun náà ni.”

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣeé tú. Bó ṣe rí nínú iṣẹ́ tiwa náà nìyẹn: aṣọ tó ti gbó tàbí tó ti yi jù, bó o bá tú u, aṣọ fúnra rẹ̀ ló máa ya. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò: bí awẹ́ náà ṣe ń mì sí, bó ṣe nípọn tó, bóyá ó ti gbẹ bí ẹfun, àti bí àwọn okùn kéékèèké tó dì í mú nísàlẹ̀ ṣe rí. Máàkì 1 sí 4 ni wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àròpọ̀ rẹ̀ kò bá ju 8 lọ, ó dára fún bálúùnù. Tèmi jẹ́ 7. Wọ́n tún ń wò ó bóyá ilẹ̀kùn náà ń jò, torí bálúùnù kì í tún èyí tó ń jò ṣe, ńṣe ló máa mú un jò sí i. Ohun tó kẹ́yìn ni ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ráàyè kọjá lè dì sí kọ̀rọ̀ yàrá òkè, bí rọ́bà bá sì kàn án, ó lè já lọ sínú ọpọlọ kó sọ èèyàn di arọ. Wọ́n ní kí n gbé rọ́bà kan mì tó ní ẹ̀rọ echo lẹ́nu, kí wọ́n lè wo ẹ̀yìn ọkàn dáadáa. Ìyẹn ni mo kórìíra jù nínú gbogbo rẹ̀, ó ń rìn mí lọ́fun fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ ṣe é.

Owó lọ. Ilẹ̀ tá a rà sí ọ̀nà Ìjọ̀kà, tá a fẹ́ fi kọ́lé, a tà á. Ẹgbẹ́ aránṣọ dá owó, àwọn oníbàárà tó jẹ mí lówó aṣọ ẹbí san án láìjẹ́ kí n béèrè. Bí ilé ìwòsàn bá dá iye kan fún yín, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀: ṣé bálúùnù wà níbẹ̀, ṣé àyẹ̀wò tó ṣáájú wà níbẹ̀, ọjọ́ mélòó ni bẹ́ẹ̀dì, ta ló máa sanwó bí wọ́n bá ní láti la àyà ní pàjáwìrì. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn gan-an ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ bi wọ́n. Èmi bi wọ́n.

Èkó ni wọ́n ti ṣe é, ní oṣù kẹwàá 2022. Ní wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì mi àti ti màmá kan tó wá láti àdúgbò Yàbá nílùú Oǹdó jọ kọjú síra. Kòkó ló ń rà tó ń tà. Àìsàn kan náà ló ń ṣe wá, òun náà ní “làkúrègbé” lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tirẹ̀ ti gbẹ, ó sì ń jò. Máàkì tirẹ̀ jẹ́ 12. Wọ́n sọ fún un pé àyà ni wọ́n máa là, kí wọ́n lè fi ilẹ̀kùn onírin pààrọ̀ rẹ̀. Mo rò pé ó máa sunkún. Ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ọ̀nà tí wọ́n bá ní kí n gbà délé ni màá gbà.” Mo ronú nípa oṣù mẹ́jọ tí mo fi sá, mo sì mọ̀ pé ká ní mo sá díẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn tèmi náà ì bá ti gbẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì kan wá wọn gíga mi. Mo bi í pé kí ni ìwọ̀n yẹn wà fún. Ó ní bálúùnù ni: iye sẹ̀ǹtímítà tí mo ga, kí wọ́n pín in sí mẹ́wàá, kí wọ́n fi mẹ́wàá kún un, iye mílímítà tó yẹ kí bálúùnù náà fẹ̀ tó nìyẹn. Mo ga ní 160. Bálúùnù mi jẹ́ 26. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́nà tí mi ò lè ṣàlàyé. Ẹni tó bá wọn èèyàn kó tó gbé sísọ́ọ̀sì, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Yàrá náà tutù rinrin. Tábìlì tínínrín kan ni mo dùbúlẹ̀ lé, ẹ̀rọ X-ray ńlá kan tẹ̀ bí ọrun lókè mi, gíláàsì mẹ́rin sì wà lápá òsì. Wọn ò kùn mí lóorun. Wọ́n fọ ojú itan mi lápá ọ̀tún, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, ó ta mí bíi ti èèrà, ó sì kú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ̀ pé wọ́n ń tì mí, mi ò mọ ìrora. Mo rí rọ́bà náà lójú gíláàsì, ó ń gòkè bí òwú dúdú. Dókítà àgbà sọ pé, “Màmá, ẹ má mira o, a fẹ́ gba ògiri kọjá.” Ibẹ̀ dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọkàn ara mi lára ẹ̀rọ, tín-tín-tín. Ó wá ní, “A ti bọ́ síbẹ̀.” Gbogbo wọn mí kanlẹ̀, èmi náà mí kanlẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e, mo ṣì ń rí i bí mo bá dijú. Orí bálúùnù náà kọ́kọ́ wú, wọ́n fà á sẹ́yìn kó fi há sára ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ìdí rẹ̀ wú. Àárín rẹ̀ ló kù, ó fún pinpin bí ìbàdí obìnrin tó fi ọ̀já gbà á. Ojú ibi tó lẹ̀ nìyẹn. Dókítà fọ́n omi sí i. Ojú mi ṣú, etí mi ń hó, torí bálúùnù ti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìbàdí náà ń tako bálúùnù, ó ń tako ó, ó wá tú lẹ́ẹ̀kan náà. Bálúùnù yẹn dá yíká bí ọ̀pá. Wọ́n jò ó kíá, ojú mi là. Wọ́n wò ó pẹ̀lú echo, wọ́n ní ó ku etí kan, wọ́n tún fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí wọ́n tó ṣe é, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú yàrá òkè ọkàn mi lápá òsì jẹ́ 26. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ó ti di 12. Ojú ihò náà di 1.8. Mi ò nílò kí wọ́n kà á sí mi létí. Lórí tábìlì yẹn, tí mo nà gbalaja láìsí ìrọ̀rí kankan, mo fa èémí, ó sì wọlé dé ìsàlẹ̀ àyà mi. Ọdún méje ni èémí ò ti débẹ̀. Omi ń jáde lójú mi lọ sínú etí, nọ́ọ̀sì rò pé ó ń dùn mí.

Wọ́n tẹ ojú itan mi títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, wọ́n ní kí n má ká ẹsẹ̀ náà fún wákàtí mẹ́fà. Àpá tó wà níbẹ̀ lónìí kò tó ojú abẹ́rẹ́ ńlá. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá mi sílẹ̀. Ihò tí wọ́n lu sára ògiri ọkàn, dókítà ní fún ọ̀pọ̀ èèyàn ó máa ń dí fúnra rẹ̀. Tèmi ti dí nígbà tí wọ́n wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Màmá Oǹdó lo ọ̀sẹ̀ méjì ó lé lẹ́yìn tí wọ́n la àyà tirẹ̀. Òun náà ń mí dáadáa báyìí, ó ti padà sídìí kòkó rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín wa ni pé nítorí irin tó wà lọ́kàn rẹ̀, ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ló máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò lè jẹ ẹ̀fọ́ àjẹyó lónìí kó sì pa á tì lọ́la, torí ẹ̀fọ́ máa ń ba agbára oògùn náà jẹ́. Ìwọ̀n kan náà ló gbọ́dọ̀ máa jẹ. A máa ń pe ara wa ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Láti ìgbà yẹn, àwọn èèyàn ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kì í ṣe torí aṣọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé dókítà kọ́ ni mí, kí wọ́n lọ ṣe echo. Ọmọ iṣẹ́ mi kan bí ọmọ tó ń làágùn bó bá ń mu ọmú, tí kò sanra, tí òtútù àyà kì í fi sílẹ̀. Mo ní kó gbé e lọ kíá. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan tó yẹ kó dí láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ ni kò dí, ẹ̀jẹ̀ wá ń padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ojú itan yìí náà ni wọ́n gbà lọ fi ìdérí kékeré kan tí wọ́n fi wáyà hun dí i. Ọmọ náà ti ń sá kiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń kó mi ní òwú. Àwọn tí ògiri ọkàn wọn lu náà wà, tí wọ́n ń fi ohun kan há a bíi bọ́tìnnì méjì tí ọ̀kan wà lójú aṣọ, tí èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti bàbá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjàpọ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí mò ń rán aṣọ fún ìyàwó rẹ̀. Ilẹ̀kùn àbájáde ọkàn wọn ló gan, tí wọ́n ń pè ní aortic. Ọjọ́ ogbó ló fà á. Wọ́n ti dákú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ wọn ń sọ pé bàbá ti dàgbà jù fún àyà lílà. Mo sọ fún wọn pé ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2002, ní ìlú Rouen nílẹ̀ Faransé, dókítà ọkàn kan tó ń jẹ́ Alain Cribier gbé ilẹ̀kùn tuntun gba ojú itan wọ ọkàn ọkùnrin kan, ó sì tẹ́ ẹ síbẹ̀ láìla àyà rẹ̀, pé láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é fún àwọn arúgbó káàkiri ayé. Awọ tó bo ọkàn màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an mọ́ férémù onírin, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, kí wọ́n tó ká a jọ kó lè gba inú iṣan kọjá. Bàbá ní kí n tún ìyẹn sọ. “Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n wo ọwọ́ mi. Owó rẹ̀ wọ́n púpọ̀, àwọn ọmọ wọn ṣì ń kó o jọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ rí dókítà, ọjọ́ sì ti wà.

Ilẹ̀kùn tèmi lè tún lẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ iwájú, wọn ò fi pa mọ́ fún mi. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni mò ń ṣe echo. Kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa tún dá ìjà náà sílẹ̀, mò ń gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ní ìdí lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì ṣeé ṣe kí n máa gbà á títí ayé. Ó máa ń dùn mí wọra. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi ń jókòó sídìí maṣíìnì. Mo ti tú mọ́tò yẹn kúrò lára rẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo tún fi ń wa á. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó ń dọ́wọ́ mú ọ̀fun, màá fi iṣẹ́ sílẹ̀, màá ní kó la ẹnu, màá sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí á fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù. Mi ò rò pé ó pọ̀ jù.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni abẹ́rẹ́ mi tó kàn. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ déètì àwọn aṣọ ìgbéyàwó.